Wákàtí Mẹ́fà ní Marquette: Ìtìjú, Owó àti Ààbò Ọmọ Nínú Ẹjọ́ Kan Láàárín Èkó àti Michigan

Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2022, ní ìlú Marquette tó wà létí adágún ńlá Superior ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹnì kan tí àkáǹtì Instagram rẹ̀ fi hàn bí ọmọbìnrin ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan. Akẹ́kọ̀ọ́ girama ni ọmọ náà, eléré ìdárayá ni, ó lọ́rẹ̀ẹ́, ó sì ní òbí tó fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn ni ẹni náà kọ́kọ́ bá a sọ, lẹ́yìn náà ó ní kí àwọn fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́ sí ara àwọn. Gbàrà tí ọmọ náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ni ohùn yí padà. Wọ́n béèrè 1,000 dọ́là, wọ́n ní bí kò bá san án, àwòrán náà yóò dé ọ̀dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbogbo. Ó san 300 dọ́là. Owó náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n tún béèrè sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 25 tó mọ́, ọmọ náà ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ títí di ìgbà tó kú, kò pé wákàtí mẹ́fà.

Àwọn òbí rẹ̀ ti fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ síta kí ọmọ ẹlòmíràn má baà kó sí irú pàkúté bẹ́ẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìgboyà wọn. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni, nítorí náà n kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, n kò sì ní dárúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ ló jẹ mí lógún ju orúkọ lọ. Mo fẹ́ gbé ẹjọ́ yìí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣe lórí gbájúẹ̀ orí ayélujára, pàápàá iṣẹ́ Suleman Lazarus, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn tó kọ́kọ́ ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní orúkọ Suleman Ibrahim. Ó dá mi lójú pé ẹni tó bá ka ẹjọ́ Marquette sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí ọ̀rọ̀ owó nìkan kò tíì mọ ohun tó pa ọmọ náà.

Ìwé ẹ̀sùn tí ìjọba Amẹ́ríkà tú síta ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, ó sì yẹ kí gbogbo òbí mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àkáǹtì tí wọ́n lò kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Àkáǹtì tí àwọn kan ti jí gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ni wọ́n rà, irú èyí tó ti pẹ́ lórí ayélujára tí ọmọ ilé ìwé kò fi ní tètè fura sí i. Wọ́n tún ń ṣe ìwádìí ẹni tí wọ́n fẹ́ mú: ibi tó ń gbé, ilé ìwé tó ń lọ, ibi iṣẹ́ rẹ̀ bó bá ní, àti àwọn tó jẹ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí àwòrán ìhòòhò bá ti wọlé, wọ́n á tò ó pọ̀ mọ́ àwòrán mìíràn tí wọ́n ti kó jọ, ti ẹni náà fúnra rẹ̀, ti ilé ìwé rẹ̀, ti ẹbí àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á sọ gbogbo rẹ̀ di àwòrán kan ṣoṣo, wọ́n á wá gbé e síwájú rẹ̀ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àwòrán àkópọ̀ yìí, nítorí òun gan-an ni ohun ìjà. Kò gba ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kankan tó jinlẹ̀, ọmọ tó bá ti ń lo fóònù lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìmọ̀ tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ nípa ènìyàn: ẹni tó tò ó mọ̀ pé ọmọ ọdún 17 kì í dá gbé, pé inú ojú àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé, ojú ìyá, ojú bàbá, ojú ọ̀rẹ́bìnrin, ojú àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n bá to ìhòòhò rẹ̀ sí àárín ojú wọ̀nyẹn, wọ́n ti fi ọjọ́ ọ̀la tó ń bẹ̀rù hàn án kí ọjọ́ náà tó dé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí ọmọ Marquette bá èyí mu. Wọ́n ní àwọn ti ya àwòrán orúkọ gbogbo àwọn tó ń tẹ̀lé e lórí Instagram, pé àwọn lè fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí wọn títí yóò fi tàn káàkiri, àti pé kí ó ṣáà fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn, àwọn kò ní tú u fó. Nígbà tí ọmọ náà kọ̀wé pé òun yóò pa ara òun, ìdáhùn tó gbà ni pé kí ó tètè ṣe é. Èyí wà nínú ìwé ilé ẹjọ́, kì í ṣe àhesọ.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe ìwádìí ìwà ọ̀daràn wò dáadáa. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ fi hàn pé ẹ̀gbọ́n nínú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ṣe é wá ọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó pa ara rẹ̀ ní Michigan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wá ọ̀rọ̀ nípa ìhalẹ̀ orí Instagram tó já sí ikú, ó sì béèrè bí FBI ṣe lè tọpa nọ́ńbà IP, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó mọ̀, nígbà náà, ohun tó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò dúró, wọ́n ń bá a lọ lórí àwọn ẹlòmíràn.

Ọ́fíìsì ṣẹ́rífù àgbègbè Marquette ló kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àkọsílẹ̀ tó jáde láti ọ̀dọ̀ Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Instagram, tọ́ka sí Èkó. FBI gbà á, wọ́n bá àjọ EFCC ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì mú ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Nígbà tí ìwé ẹ̀sùn jáde, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ẹni ọdún 22, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 20, ẹnì kẹta jẹ́ ẹni ọdún 19. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n fa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ẹnì kẹta tako ìfàlénilọ́wọ́ náà nílé ẹjọ́.

Ẹ̀sùn tó wúwo jùlọ tí wọ́n fi kan ẹ̀gbọ́n ni pé ó lo ọmọdé fún ìbálòpọ̀ lọ́nà tó já sí ikú, ìjìyà ẹ̀sùn yìí lábẹ́ òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò sì lè dín ní ẹ̀wọ̀n ọgbọ̀n ọdún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn méjèèjì gbà pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn mìíràn, pé àwọn lẹ̀dí àpò pọ̀ láti lo àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 18 fún ìbálòpọ̀. Àwọn tí wọ́n dẹ pàkúté fún lé ní 100, ó kéré tán 11 nínú wọn ni ọmọdé. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Adájọ́ Robert Jonker ti ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Michigan rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sẹ́wọ̀n oṣù 210, ìyẹn ọdún 17 àti ààbọ̀. Ó sọ̀rọ̀ gidigidi lórí bí wọn kò ṣe ka ẹ̀mí ènìyàn sí, pàápàá bí wọ́n ṣe ń dẹ pàkúté fún ẹlòmíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ náà ti kú. Àwọn agbẹjọ́rò wọn tọ́ka sí oògùn olóró àti sí bí irú ìwà yìí ṣe gbilẹ̀ láyìíká wọn. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí, wọ́n ní ìpinnu burúkú ni àwọn ṣe nítorí owó. Ní ọdún 2024 kan náà, wọ́n fẹ̀sùn kan ọkùnrin márùn-ún tó ń gbé ní Amẹ́ríkà pé àwọn ni wọ́n ń bá wọn fọ owó náà tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di bitcoin kí ó tó kọjá sí Nàìjíríà.

Ibi tí ìròyìn sábà máa ń parí nìyẹn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn olùkọ́ ní yunifásítì wa ti ń wádìí àwọn tí à ń pè ní ọmọ Yahoo. Ní ọdún 2011, Aransiola àti Asindemade tẹ ìwádìí kan jáde tó sọ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é wà láàárín ọdún 22 sí 29, wọ́n sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wọ́n ní ẹlẹgbẹ́ nílé àti lókè òkun, wọ́n sì ní àwọn tó ń bá wọn lẹ̀dí àpò pọ̀ nínú báńkì àti láàárín agbófinró. Ní ọdún kan náà, Oludayo Tade ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Ibrahim Aliyu wádìí bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ náà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àwọn ìwádìí wọ̀nyí ló kọ́kọ́ mú kí a rí i pé ọmọ Yahoo kì í ṣe ọmọ kan tó dá jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, pé ó wà láàárín ẹgbẹ́, ó wà láàárín ilé, ó sì wà láàárín ìlú tó ń rí owó tó ń ná.

Lazarus gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2016. Àwọn òbí ló lọ bá, òbí 17 tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tó ń mú kí ọmọdé wà nínú ewu àtikó sínú ìwà ọ̀daràn orí ayélujára. Mo ka ìbéèrè yìí sí ohun pàtàkì nítorí pé ọ̀rọ̀ àbò ọmọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àbò ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ tí wọ́n fẹ́ ṣe níbi ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí. Lazarus béèrè nípa ọmọ tí wọ́n fẹ́ sọ di ẹni tí yóò ṣe ẹlòmíràn níbi. Ìdáhùn àwọn òbí náà kò tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa bí ilé ṣe rí, nípa bí ìlú ṣe rí, àti nípa ohun tí àṣà wa ń gbé ga, bí gbogbo wọn ṣe so kọ́ra. Nígbà tó di ọdún 2018, ó ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ inú orin olórin 18, ó sì fi hàn bí àwọn orin kan ṣe ń yin ẹni tó fi gbájúẹ̀ lówó, tí wọ́n ń sọ ẹni tó ń jalè di ọlọ́gbọ́n, tí wọ́n sì ń sọ ẹni tí wọ́n jà lólè di òmùgọ̀. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò sọ fún ọmọ pé kí ó lọ pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ́ ọ ni pé ẹni tó wà lódìkejì fóònù kì í ṣe ènìyàn bíi tirẹ̀, maga lásán ni, àti pé owó ni yóò sọ ìyókù.

Nínú iṣẹ́ mìíràn tó tún jáde ní ọdún 2016, Lazarus pín ìwà ọ̀daràn orí ayélujára sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà nídìí wọn. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń torí owó ṣe. Ti èkejì ni èyí tó ń ba ọkàn ènìyàn jẹ́, bíi kí ẹnì kan máa dọdẹ ẹlòmíràn lórí ayélujára, tàbí kí ó fi àwòrán ìhòòhò ẹni tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ gbẹ̀san. Ti ẹ̀kẹta jẹ́ ti òṣèlú, bí ìjọba kan bá ń ṣe amí òmíràn. Ó ní èyí tó wọ́pọ̀ jùlọ nínú tàwọn ọmọ Nàìjíríà ni ti owó, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Marquette fi hàn pé ìwà kan lè wà ní ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sinmi lórí ẹni tí a bá bi. Ní Èkó, 300 dọ́là ni, owó tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní Michigan, ọmọ tí wọ́n fi ara rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn títí tí kò fi rí ọ̀nà àbáyọ ni.

Ìyàtọ̀ yìí hàn kedere nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó bójú tó ẹjọ́ náà. Ní Nàìjíríà, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ètò ọrọ̀ ajé ló mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀sùn tí wọ́n jẹ̀bi rẹ̀ jẹ́ ti lílo ọmọdé fún ìbálòpọ̀. Ìwà kan náà ni, lórí fóònù kan náà, ní alẹ́ kan náà. N kò fi èyí bú EFCC. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé nígbà tí a bá kó irú ẹjọ́ yìí sínú fáìlì jìbìtì, ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà ní Ìkòròdú tàbí ní Ìbàdàn yóò gbà pé jìbìtì ni òun ń ṣe, pé ó kàn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ gba owó lọ́wọ́ opó ọlọ́dún 60. Orúkọ tí wọ́n ń pè é láàárín ara wọn fi èyí hàn. Fọ́ọ̀mátì ni wọ́n ń pè é, fọ́ọ̀mátì blackmail, BM ní kúkúrú, bí fọ́ọ̀mátì mìíràn tó wà nílẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé lábẹ́ òfin, ní Nàìjíríà pàápàá, ó ti di ẹni tó ń fipá gba àwòrán ìhòòhò ọmọdé.

Iye àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí pọ̀. FBI ní láàárín oṣù Kẹwàá ọdún 2021 sí oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn gba ìròyìn tó lé ní 13,000 nípa fífi àwòrán ìhòòhò ọmọdé halẹ̀ gba owó, pé ó kéré tán ọmọ 12,600 ló kàn, ọmọkùnrin ló pọ̀ jùlọ nínú wọn, ó kéré tán 20 sì ti pa ara wọn. Àwọn tí wọ́n ń dọdẹ jùlọ ni ọmọkùnrin ọdún 14 sí 17. Èyí yí ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ padà. Ọmọbìnrin ni gbogbo ìkìlọ̀ wa ń bá wí: má fi àwòrán rẹ ránṣẹ́, ṣọ́ra fún ọkùnrin orí fóònù. Ọmọkùnrin kò gbọ́ ìkìlọ̀ kankan nítorí pé kò sí ẹni tó rò pé ohun kan lè ṣe é, òun náà kò sì rò ó. Ìgbà tí ó bá wá ṣẹlẹ̀ sí i, ìtìjú rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó ti di ẹni tí wọ́n tú síhòòhò, ó tún ti di ọkùnrin tí wọ́n tàn jẹ.

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí àwọn òbí Yorùbá tẹ́tí sí mi, ní ilé àti lókè òkun. A ní ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ láìronú, pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àgbà ń sọ ọ́ nípa iyì, nípa ìjòyè tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun nínú ìrẹ̀sílẹ̀, a sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti gbọ́ ọ láti kékeré, tí ẹnì kan wá fi ẹ̀sín síwájú rẹ̀ láago méjì òru, kò ní rántí ìjòyè. Yóò rántí pé nínú ilé tiwa, ẹ̀sín ni ohun tó burú jù. Bí a bá tún fi kún un pé ọmọ tó bá ṣe irú nǹkan yìí nínú ọ̀pọ̀ ilé yóò jẹ ẹgba kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ẹni tó tàn án, yóò yé wa ìdí tí ọmọ fi lè jókòó sínú yàrá tó sún mọ́ ti bàbá rẹ̀ kí ó má sì kan ilẹ̀kùn náà. Ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn ń gbára lé ilẹ̀kùn tí kò kàn yẹn. Gbogbo ètò rẹ̀ yóò bàjẹ́ bí ọmọ náà bá sọ fún àgbàlagbà kan ṣoṣo.

Nítorí náà, àbò tó lè gba ọmọ nínú irú ọ̀ràn yìí gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Ilé ẹjọ́ lo ọdún méjì àti ààbọ̀ kí ìdájọ́ tó jáde, a sì nílò ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n ọmọ kan kò ní ju wákàtí mẹ́fà lọ. Ohun tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín àkókò yẹn ni ọ̀rọ̀ tí òbí ti bá a sọ ṣáájú, ní ọjọ́ tí kò sí wàhálà kankan: bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán rẹ halẹ̀ mọ́ ọ, wá jí mi, ìgbàkígbà tó bá jẹ́, n kò ní nà ọ́, n kò ní bínú sí ọ, kí a jọ wá nǹkan ṣe sí i ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ ọ́ fún ọmọkùnrin bí ẹ ti ń sọ ọ́ fún ọmọbìnrin.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ohun kan wà tí ọwọ́ lè tó. Kí ọmọ má san owó, nítorí pé owó tó bá san yóò fi hàn wọ́n pé ó ń bẹ̀rù, àti pé ó ní owó. 300 dọ́là ti Marquette kò ra ìsinmi ìṣẹ́jú kan fún ọmọ náà. Kí ó má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ rẹ́, kí ó ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ ni yóò mú wọn. Kí ó fi àkáǹtì náà sun ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì, kí ó sì dí i mọ́ ara rẹ̀. Ní ti àwòrán náà, ètò kan wà tó ń jẹ́ Take It Down, tí NCMEC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀ràn ọmọdé tó sọnù àti èyí tí wọ́n ń fìyà jẹ ní Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2023 fún ẹni tó wà nínú àwòrán ìhòòhò tí wọ́n yà kí ó tó pé ọdún 18. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dára púpọ̀: fóònù ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣírò àmì ìdánimọ̀ kan láti ara àwòrán náà, àmì náà nìkan ni wọ́n á fi ránṣẹ́, àwòrán kò ní kúrò lórí fóònù rẹ̀, ẹnikẹ́ni ní àjọ náà kò sì ní rí i. Àwọn ilé iṣẹ́ tó bá wà nínú ètò náà yóò fi àmì yẹn dá àwòrán náà mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gbìyànjú láti gbé e sórí ìkànnì wọn. Ọmọ tó wà ní Abẹ́òkúta lè lò ó bí ọmọ tó wà ní Houston ṣe lè lò ó.

Àwọn ilé iṣẹ́ ìkànnì náà ní ẹrù tiwọn láti gbé, n kò sì rò pé a ti bá wọn sọ̀rọ̀ tó. Ẹ rántí ìhalẹ̀ tó wà nínú ẹjọ́ yìí: a ti ya àwòrán orúkọ gbogbo àwọn tó ń tẹ̀lé ọ. Orúkọ wọ̀nyẹn ló sọ àjèjì di ẹni tó lè dé inú ilé ọmọ náà, ìkànnì náà fúnra rẹ̀ ló sì tò wọ́n kalẹ̀ fún un. Oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni Meta tó kéde pé àwọn yóò máa fi orúkọ àwọn tó ń tẹ̀lé ènìyàn pamọ́ fún àkáǹtì tí àwọn bá fura sí pé ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó ti lé ní ọdún méjì lẹ́yìn ikú ọmọ náà. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n ti pa àkáǹtì Instagram bí 63,000 rẹ́ ní Nàìjíríà nítorí ìwà yìí, nínú wọn ni bí 2,500 tí wọ́n so mọ́ ènìyàn bí 20 péré. Wọ́n tún yọ àkáǹtì, ojú ewé àti ẹgbẹ́ orí Facebook bí 7,200 tí wọ́n ti ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń ta ìwé ìtọ́nisọ́nà àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ halẹ̀ kàn máa ṣe àdàkọ rẹ̀.

Kókó tó kẹ́yìn yìí ló mú mi padà sí ìbéèrè tí Lazarus bi àwọn òbí 17 náà. Bí ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀ bá ti wà ní kíkọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á, tí fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì wà lórí TikTok, kò pọn dandan kí ẹni tó fẹ́ ṣe é jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ọmọ ọdún 22 mọ́. Ọmọ girama lè ṣe é. EFCC ti ya wọ ilé tí ọ̀gá kan ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, tó ń bọ́ wọn, tó ń ra fóònù àti dátà fún wọn, tó sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n bá rí. Hustle Kingdom ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Bí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 àti ti Ìpínlẹ̀ Èkó tó jáde ní ọdún 2007 ka òun náà sí ọmọdé, àgbàlagbà kan sì ń lò ó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í rọrùn láti gbọ́ fún ẹni tí irú wọn ti ṣe níbi. Síbẹ̀ bí a kò bá wo ibẹ̀, a ó kàn máa kó wọn lọ sẹ́wọ̀n bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni, àwọn mìíràn á sì ti wà lẹ́yìn wọn.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NCA, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìkìlọ̀ lórí ọ̀ràn yìí ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ilé ìwé tiwa nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó sì ní abala méjì: èyí tí olùkọ́ yóò fi mọ ọmọ tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́, àti èyí tí yóò fi mọ ọmọ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní fọ́ọ̀mátì, tó ṣàdédé ní fóònù tí bàbá rẹ̀ kò rà fún un, tó ń sùn ní kíláàsì nítorí pé òru ni ojúmọ́ Amẹ́ríkà. Ẹ̀ka 23 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti ọdún 2015 ti ka àwòrán ìhòòhò ọmọdé léèwọ̀, a kò nílò òfin tuntun kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè fún ni pé, nígbàkigbà tí EFCC tàbí ọlọ́pàá bá mú ẹni tó ń ṣe fọ́ọ̀mátì blackmail, kí wọ́n wo fóònù rẹ̀ fún ọjọ́ orí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó wo iye owó tó wọlé, kí òṣìṣẹ́ tó mọ̀ nípa àbò ọmọ jókòó sínú yàrá náà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́.